Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Ọmọ IT Tó Fẹ́ Kọ́ṣẹ́ Iná, Epo àti Sólà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Bí ọlidé gígùn bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọmọ wa àti àwọn òbí wọn máa ń gbé wá. A kó wọn jọ síbí. Ẹni tó bá ti mọ àwọn tó rọrùn lókè, kó fò wọ́n lọ sí ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le.

Kí ni IT yìí gan-an?

IT (Industrial Training) ni àkókò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi yàrá ìkàwé sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kó tó gba ìwé ẹ̀rí. SIWES ni orúkọ tó wà lórí fọ́ọ̀mù. ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, ló dá a sílẹ̀ ní 1973, torí àwọn iléeṣẹ́ ń ráhùn pé àwọn ọmọ tó ń jáde mọ̀wé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò mọ iṣẹ́.

Oṣù 4 ni ti ND. Oṣù 6 ni ti ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń kọ́ ẹnjiníà tàbí sáyẹ́ǹsì, àmọ́ ẹ̀ka mìíràn ń pín in sí ọlidé méjì tàbí mẹ́ta, nítorí náà lọ béèrè ní ẹ̀ka tìrẹ. Ẹni tó parí ND tó sì fẹ́ ṣe HND tún ní ọdún kan tó gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ láàárín méjèèjì.

Tí a bá ní iṣẹ́ iná àti epo, ṣé NẸ́PÀ nìkan ni?

Rárá o. NẸ́PÀ fúnra rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ tipẹ́, ẹnu wa ló ṣì ń pè é. Ó di PHCN ní 2005, nígbà tó sì di oṣù kọkànlá 2013, ìjọba pín in fún àwọn aládàáni. IBEDC ló ń pín iná fún wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ báyìí. TCN, tó ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba, ló ń gbé iná náà wá láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, bíi Egbin ní Ìkòròdú.

Epo tún wà. Mosimi tó wà lẹ́bàá Ṣágámù jẹ́ ibùdó epo NNPC, páìpù ló so ó mọ́ Atlas Cove l'Ékòó àti mọ́ Ìbàdàn. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ láti Ìjẹ̀bú-Òde, kò ní pẹ́ kó tó bọ́ sí agbègbè Ìbẹ̀jú-Lẹ́kki, níbi tí iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote wà, tó lè fọ 650,000 àgbá epo lóòjọ́. Sólà ńkọ́? Gáàsì ìdáná ńkọ́? Gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni.

Níbo ni kí n mú lẹ́tà mi lọ nítòsí ilé?

IBEDC ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù ni gbogbo ènìyàn ń kọ́kọ́ sá lọ, ìdí nìyẹn tí ibẹ̀ fi ń tètè kún. Mú lẹ́tà dé ibùdó TCN náà, níbi tí wọ́n ti ń sọ iná 132,000 volt kalẹ̀ sí 33,000 kó tó lè wọ ìlú.

Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbójú fò ni àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Ṣágámù àti lójú títì márosẹ̀. Pátákó ẹnu ọ̀nà wọn sọ pé sìmẹ́ńtì, ọtí tàbí irin ni wọ́n ń ṣe, ọmọ tó ń ka ẹ̀kọ́ iná á sì kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀, iléeṣẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró kò lè gbára lé iná ìjọba nìkan. Wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ ńlá tiwọn, ẹlòmíràn ń lo gáàsì, wọ́n ní tiransifọ́mà tiwọn, wọ́n sì ní àwọn ẹnjiníà tó ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Béèrè ẹ̀ka tó ń bójú tó iná àti ẹ̀rọ, má wulẹ̀ kọ "sí ọ̀gá àgbà" kí o sì máa retí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tó ń ṣe sólà láàárín ìlú, láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ìkẹ́nnẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ pàápàá lè ní ilé ẹ̀rọ iná tirẹ̀. Mélòó nínú yín ló ti wọ ibẹ̀ rí?

Ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wá àyè?

Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ tó kọ ìwé tó kẹ́yìn á bá àwọn mìíràn lórí àga. Gba lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́, ṣe ẹ̀dà rẹ̀ púpọ̀, fi ẹsẹ̀ ara rẹ gbé e lọ láàárọ̀, kí o sì padà lọ béèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó padà lọ ni wọ́n ń rántí.

Mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ṣé wọ́n á gbà mí?

Wọ́n ń gbà. Òfin ITF tí wọ́n tún ṣe ní 2011 sọ pé iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 5 sókè, tàbí tó ń pa ₦50 mílíọ̀nù lọ́dún, gbọ́dọ̀ máa dá ìdá 1 nínú 100 owó tó ń san fún òṣìṣẹ́ fún ITF, ó sì ní kí àwọn iléeṣẹ́ máa gba akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ má lọ fi òfin halẹ̀ mọ́ wọn ní gẹ́ẹ̀tì o. Ìwọ mọ̀ ọ́n lọ́kàn ara rẹ kí o má bàa máa tẹrí mọ́lẹ̀ bí ẹni tó wá tọrọ owó.

Ohun tó ń ran ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ni kó mọ iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ náà ń ṣe, kó sì sọ ohun tó fẹ́ kọ́ níbẹ̀ ní gbólóhùn méjì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wá ibikíbi fi mí sí" kì í ṣiṣẹ́.

Ṣé wọ́n á sanwó fún mi?

Iléeṣẹ́ ńlá sábà máa ń fún ọmọ IT ní nǹkan. Ṣọ́ọ̀bù kékeré lè fún ọ ní oúnjẹ ọ̀sán àti owó ọkọ̀, ó sì lè má fún ọ ní kọ́bọ̀. Owó kékeré tí ITF ń san fún akẹ́kọ̀ọ́ kì í tètè dé, má fi í ṣe ètò ọkọ̀. Béèrè lọ́jọ́ tí wọ́n gbà ọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni ètò owó ọkọ̀ ṣe rí?" Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tó ń ti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Ṣágámù lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń kó sí.

Èyí tó léwu jù: ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o san owó kí òun tó bá ọ wá àyè IT ní iléeṣẹ́ epo, sá fún un. Wọn kì í ta àyè IT.

Èwo ló dáa jù: iléeṣẹ́ olórúkọ ńlá tàbí ṣọ́ọ̀bù sólà kékeré?

Àwọn òbí máa ń bínú sí ìdáhùn wa lórí èyí. Ibi tí ọwọ́ rẹ á ti kan iṣẹ́ ló dáa jù. Àwọn ọmọ wà tó lo oṣù 6 ní iléeṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀, tó jẹ́ pé ìwé ni wọ́n ń tò sínú fáìlì, tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò. Nígbà tí wọ́n padà dé ilé ẹ̀kọ́, ohun tí wọ́n rí mú bọ̀ kò ju fọ́tò tí wọ́n yà níwájú pátákó lọ. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ onísólà méjì péré ti de páńẹ̀lì, ti ṣírò iná tí ilé kan máa jẹ, ti fi multimeter wá ibi tí wáyà ti já, ti gbọ́ èébú oníbàárà.

Orúkọ ńlá ní ìwúlò tirẹ̀ o, a ò purọ́. Ibẹ̀ lo ti ń rí ètò ààbò bó ṣe yẹ kó rí, bí wọ́n ṣe ń kọ àbọ̀ iṣẹ́, bí ọ̀gá mẹ́ta ṣe ń buwọ́ lu ìwé kan kí ẹnì kan tó fọwọ́ kan swíìṣì. Ìyẹn kò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Tí o bá ní àǹfààní méjèèjì, bi àwọn tó ti ṣe IT níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá pé kí ni wọ́n ń ṣe ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Ìdáhùn wọn á yàn fún ọ.

Kí ni ọmọ IT sólà ń ṣe gan-an?

Ìṣirò ló kọ́kọ́ ń ṣe. Oníbàárà á ní òun fẹ́ iná "fún gbogbo ilé". Ìwọ á jókòó tì í, ẹ ó jọ kà á: fáànù 3 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 70 watt fún wákàtí 10, ìyẹn 2,100 watt-wákàtí (Wh). Gílóòbù 8 tó jẹ́ 10 watt fún wákàtí 6, 480. Tẹlifíṣọ̀n 80 watt fún wákàtí 6, 480 mìíràn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 3,060 Wh lójúmọ́, ìyẹn kílówáàtì-wákàtí (kWh) mẹ́ta àti díẹ̀. Bátìrì lithium 5kWh á gbé e láìsí wàhálà. Tí o bá fi wákàtí 4 ṣe ìwọ̀n oòrùn gidi lójúmọ́, tí o sì yọ èyí tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà, páńẹ̀lì 400 watt mẹ́ta ló máa kún un padà.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣírò tán ni màmá á wá rántí áyọ́ọ̀nù, àti pọ́ọ̀pù kànga. Pọ́ọ̀pù ẹṣin kan ń jẹ nǹkan bíi 750 watt tó bá ń lọ, ṣùgbọ́n nígbà tó bá fẹ́ ṣí, ó lè fa ìlọ́po mélòó kan rẹ̀. Ibẹ̀ ni inverter kékeré ti ń kú.

Tí ìṣirò bá parí, ó di orí òrùlé. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, gúúsù la ń kọjú páńẹ̀lì sí, a ó sì dẹ̀ ẹ́ bíi ìwọ̀n (digíríì) 10 sí 15 kí òjò lè fọ eruku rẹ̀ lọ. Oṣù kẹjọ á dán iṣẹ́ rẹ wò, torí ojú ọ̀run kì í mọ́ nígbà náà. Oníbàárà tó bá dákẹ́ lóṣù kẹjọ, iṣẹ́ rẹ dáa.

Báwo ni kí n ṣe máa kọ logbook?

Ìwé tí o ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí ni logbook. Kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kó tó kọ ti oṣù 6, bírò kan náà, ìkọ̀wé kan náà, olùkọ́ tó ń ṣàbẹ̀wò ń mọ̀.

Wo èyí: "Ọjọ́ Ajé: a tún inverter ṣe." Kò sọ nǹkan kan. Wo ìkejì: "Ọjọ́ Ajé: ilé oníbàárà kan ní Ìmọ̀wò. Inverter 3.5kVA ń ké, ó ń kú lóru. A wọn bátìrì 4 lọ́kọ̀ọ̀kan: mẹ́ta wà ní 12.4 volt, ọ̀kan wà ní 10.6. Ọ̀gá ní sẹ́ẹ̀lì kan ti kú nínú ìyẹn. Mo béèrè ìdí tí a kò fi ra ẹyọ kan ṣoṣo rọ́pò. Wọ́n ní tuntun kan láàárín àwọn tó ti darúgbó kò ní pẹ́ bàjẹ́." Olùkọ́ tó bá ka èyí mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Ya àwòrán bí wáyà ṣe so pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ọ̀gá rẹ sì máa buwọ́ lù ú lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ààbò kí n tó wọ ẹnu iṣẹ́?

Gbogbo wáyà ní iná títí ìwọ fúnra rẹ fi rí i tí wọ́n dán an wò. Má gba "wọ́n ti pa á" gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Wọ́n á pa á, wọ́n á tì í ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n á so pátákó ìkìlọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á fi tẹ́sítà dán an wò, wọ́n á sì so ó mọ́lẹ̀ (ìyẹn earthing) ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tí wọ́n ti fẹ́ ṣiṣẹ́. Bí ọ̀kan bá kù, iṣẹ́ kò tíì yá.

Ìdí tí wọ́n fi ń so ó mọ́lẹ̀ nìyí. Wọ́n lè ti pa iná ní ìbùdó lóòótọ́, kí ẹnì kan ní àdúgbò wá tan jẹ́ń láìní changeover tó dáa. Iná jẹ́ń yẹn á gba inú wáyà ilé jáde lọ bá tiransifọ́mà, tiransifọ́mà á sì yí i padà di 11,000 volt sórí òpó tí ẹ rò pé ó ti kú. Àwọn òṣìṣẹ́ iná ti kú lọ́nà yìí rí.

Sólà náà kì í ṣe eré. Páńẹ̀lì tí ẹ so tẹ̀léra lè mú ọgọ́rùn-ún mẹ́ta volt jáde, kò sì sí swíìṣì tó ń pa oòrùn. Ní ibi epo àti gáàsì, fóònù rẹ wà ní gẹ́ẹ̀tì. Akoto, bàtà tó le àti ìbọ̀wọ́ tó yẹ iṣẹ́ náà: béèrè wọn lọ́jọ́ kìíní. Bí wọn kò bá ní, ra bàtà fúnra rẹ. Sílípáàsì kọ́.

Obìnrin ni mí. Ṣé wọn kò ní fi mí sí ọ́fíìsì nìkan?

Ẹlòmíràn á gbìyànjú ẹ̀, wọ́n á pè é ní ìkẹ́. Sọ fún ọ̀gá ní ọ̀sẹ̀ kìíní pé o fẹ́ jáde lọ ibi iṣẹ́, wọ ṣòkòtò àti bàtà wá láti fi hàn án. Tó bá jẹ́ pé agemo ń jáde ní àdúgbò lóṣù keje tí wọ́n ní kí obìnrin wà nílé, ọ̀gá tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ti mọ̀. Lo ọjọ́ yẹn kọ ìròyìn rẹ.

Ọ̀gá tó bá ń fọwọ́ pa ọ́ lára ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfaradà. Sọ fún olùkọ́ tó ń rí sí SIWES lọ́jọ́ náà, kí o sì kọ déètì àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ lè yí ibi iṣẹ́ padà fún ọ.

Ojúde Ọba bọ́ sí àárín IT mi. Ṣé mo lè gba àyè?

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí náà má dúró di àárọ̀ ọjọ́ náà kí o tó sọ. Béèrè ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Àmọ́ mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ iná ń pọ̀ jù nílùú. Onísólà àti oníjẹ́ń kì í sinmi nígbà tí gbogbo ilé ń gba àlejò. Ó ṣeé ṣe kí o rí Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ láti orí àkàbà.

Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń rán ọmọ mi lọ ra oúnjẹ níbi IT. Ṣé kí n lọ bá wọn jà?

Ẹ má lọ. Ọmọ tó kéré jù níbi iṣẹ́ ló ń lọ ra oúnjẹ ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ yín kọ́ ló máa kọ́kọ́ lọ. Ohun tí ẹ ó bi í ni pé: lẹ́yìn tó ra oúnjẹ dé, ṣé wọ́n ń pè é wá wo iṣẹ́? Bó bá ń ra oúnjẹ tó sì ń kọ́ṣẹ́, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Bó bá jẹ́ oúnjẹ nìkan láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí òun fúnra rẹ̀ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kí ilé ẹ̀kọ́ dá sí i. Òbí ló kẹ́yìn nínú ètò yẹn.

Ọmọ mi wà ní yunifásítì nílùú òyìnbó, ó fẹ́ wá ṣe ìkọ́ṣẹ́ nílé lásìkò ọlidé wọn. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ó ṣeé ṣe, a ti rí i. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ béèrè nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bóyá wọ́n á kà á fún un, àti irú ìwé tí wọ́n fẹ́ lórí ààbò àti ìbánigbófò, torí wọ́n máa ń béèrè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni ọlidé náà sábà máa ń gbà, iléeṣẹ́ ńlá kì í sì tètè dáhùn. Ibi kékeré ló máa ń ṣeé ṣe fún irú wọn. Kó mú aṣọ òjò dání. Kó má sì retí pé òun ni wọ́n á fi ṣe ọ̀gá torí ahọ́n tó ń yí. Àwọn ọmọ Gateway Polytechnic tó bá níbẹ̀ lè fi ọwọ́ ṣe ohun tí òun kà nínú ìwé.

Lẹ́yìn IT àti ilé ẹ̀kọ́, kí ló kàn?

Àgùnbánirọ̀ ni. Ibùdó ti ìpínlẹ̀ Ògùn wà ní Ṣágámù, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn ẹnjiníà ọ̀dọ́ láti gbogbo Nàìjíríà ń gba àárín wa kọjá. Bí wọ́n bá ní kí o lọ kọ́ni, o lè fi ọwọ́ ara rẹ wá iléeṣẹ́ tó máa kọ lẹ́tà béèrè rẹ.

Ẹni tó fẹ́ máa fi iṣẹ́ iná jẹun gbọ́dọ̀ ní ìwé NEMSA, àwọn ló ń dán oníṣẹ́ iná wò tí wọ́n sì ń fún un ní ìwé ẹ̀rí. COREN ni ti ẹnjiníà. NAPTIN ní ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè lórí iṣẹ́ iná. Ẹni tó fẹ́ epo àti gáàsì, kó fi orúkọ sílẹ̀ lórí NOGIC JQS, ìkànnì NCDMB, àjọ ìjọba tó ń rí sí ipa ọmọ Nàìjíríà nínú iṣẹ́ epo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yan ènìyàn fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó bá iṣẹ́ epo rìn.

Mo ń gba ọmọ IT ní ṣọ́ọ̀bù mi. Báwo ni mo ṣe lè yẹ́ wọn sí lọ́jọ́ ìdágbére?

Ìrẹsì àti ẹran dáa, a kì í kọ̀ ọ́ ní Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ni kí ẹ kọ́kọ́ fún wọn. Ẹ kọ iṣẹ́ tí ọmọ náà ṣe síbẹ̀ ní pàtó: inverter mélòó ló bá yín gbé ró, àṣìṣe wo ló rí tí ẹ̀yin kò rí, ṣé ẹ lè gbà á padà. Lẹ́tà tó kan ní "ọmọ dáadáa ni" kò gbé ẹnikẹ́ni dé ibi kankan.

Ẹ tún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó dìde sọ iṣẹ́ kan tó ṣe fún gbogbo òṣìṣẹ́, kí àwọn òbí tó bá lè wá wà níbẹ̀. Ìyá tó gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń ṣàlàyé tiransifọ́mà níwájú àgbàlagbà kò ní bínú mọ́ pé ṣọ́ọ̀bù kékeré lọmọ òun lọ.

Iléeṣẹ́ ní iṣẹ́ mi dáa, kí n má padà sílé ẹ̀kọ́, wọ́n á máa san owó oṣù. Kí ni kí n ṣe?

Dúpẹ́, kí o sì padà sílé ẹ̀kọ́. Ẹni tó fẹ́ ọ lónìí á ṣì fẹ́ ọ lẹ́yìn ọdún kan. Bẹ̀ wọ́n kí o máa wá ní ọjọ́ Sátidé àti lásìkò ọlidé. Ọ̀pọ̀ onísólà á gbà, torí òpin ọ̀sẹ̀ ni oníbàárà máa ń wà nílé. Gba nọ́ńbà ọ̀gá, kí o sì máa pè é láìbéèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ọ̀ràn owó ilé ẹ̀kọ́ ló fẹ́ mú ọ dúró, sọ ọ́ fún wọn gan-an bó ṣe rí. Ọ̀gá kan lè gbà láti san án díẹ̀díẹ̀ kí o sì fi iṣẹ́ ọlidé san án padà. Bó bá gbà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ jọ buwọ́ lù ú, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ òbí rẹ.